Jíìpù kékeré tu orúnkún lára, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn

Ẹ̀yin òbí àtàwọn àgbà wa l'Ẹgàn, ohun táwọn tó ń wa RAV4, jíìpù kékeré tí Toyota gbé jáde lọ́dún 1994, máa ń yìn ni ìjókòó rẹ̀. Àgbà tí orúnkún ń dùn kò ní í bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ kó tó wọlé, kò sì ní í gùn ún bí àkàbà. Abẹ́ rẹ̀ kì í tètè ha ilẹ̀ lójú ọ̀nà oníkòtò.

Ṣùgbọ́n gíga yìí náà léwu. Bí ọmọdé bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, dígí lè má fi í hàn. Kẹ́ ẹ tó wà á sẹ́yìn, ẹ yí i ká wò, kí àgbàlagbà kan sì di ọmọ lọ́wọ́ mú. Sípíà páàtì ọkọ̀ wà ní Ládípọ̀, ti ọmọ ò sí níbẹ̀.