Ìtọ́jú Kọ̀ǹpútà Olówó Pọ́ọ́kú fún Àwọn Ẹgbẹ́ Aláàánú Kéékèèké: Bí Yóò Ṣe Tọ́jọ́ àti Ipa Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́

Ìfáárà
Ẹgbẹ́ aláàánú kékeré tí a ní lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn, opó tàbí aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì tí ẹlẹ́yinjú àánú fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fúnni ní kọ̀ǹpútà kì í sábà fi owó ìtọ́jú rẹ̀ kún un. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, orúkọ àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ owó há sínú rẹ̀ nìyẹn. A fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ kì í fi tọ́jọ́, àti ọ̀nà tí ẹgbẹ́ wọ̀nyí lè gbà rí ìtọ́jú tí agbára wọn ká.

Ohun tí a rí kọ́ ní òkèèrè
Ní ọdún 1987, Daniel Ben-Horin dá CompuMentor sílẹ̀ ní San Francisco, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi tọrẹ, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá gbà á yóò san owó iṣẹ́ díẹ̀. TechSoup ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀bùn lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pípín in kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tún lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ti onímọ̀ alárìnká: ẹnì kan ṣoṣo ń bẹ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wò ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Orúkọ àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́, tí wọ́n ń gun ẹṣin láti abúlé dé abúlé, ni wọ́n fi pè é.

Ìdí tí ọ̀fẹ́ kì í fi tọ́jọ́
Ní ilẹ̀ wa, ọ̀dọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní àdúgbò ni wọ́n sábà ń ké sí. Bí ó bá ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó mú ọ̀rọ̀ aṣínà lọ nìyẹn. Kò sí ìwé tó sọ ohun tó tún ṣe, kò sì sí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kankan níbòmíràn. Ẹni tí a kò sanwó fún kò ṣeé bá wí pé ó pẹ́ kó tó dé.

Ìlànà tí a dábàá
Ẹ jẹ́ kí a fi iye owó ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹgbẹ́ mẹ́jọ bá para pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá ₦15,000 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Wọ́n lè fi ₦80,000 san owó oṣù onímọ̀ kan, kí ₦20,000 jẹ́ owó ọkọ̀, kí ₦20,000 tó kù sì wà nípamọ́ fún ohun tó bá bàjẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ ni ₦70,000. Ó ṣòro kí ẹgbẹ́ kékeré kan tó dá a san, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, onímọ̀ náà yóò bẹ ẹgbẹ́ méjì wò lóòjọ́. Ọjọ́ Ẹtì wà fún ìpè pàjáwìrì àti àkọsílẹ̀. Ó jọ èsúsú, àfi pé dípò owó, ìbẹ̀wò ló ń kan olúkúlùkù.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá yọwọ́, owó yóò di ₦90,000: owó ìpamọ́ tán, owó ọkọ̀ sì di ìdajì. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọdún kan, kí wọ́n sì máa san owó oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣínà, kì í ṣe onímọ̀. Kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà ní ibi méjì, kí wọ́n sì lo ètò ọ̀fẹ́ bíi LibreOffice níbi tó bá ti tó wọn lò.

Ipa kọ́lẹ́ẹ̀jì
Ọdún 1973 ni àjọ ITF dá ètò SIWES, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́, sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé onímọ̀ yìí, kí olùkọ́ rẹ̀ sì máa yẹ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wò. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe òpó, nítorí oṣù díẹ̀ ni yóò lò; ẹni tó ń gba owó oṣù ni òpó. Níwọ̀n bí a ti ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí orúkọ ọmọ òrukàn tàbí aláìsàn wà nínú rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé òun kò ní tú àṣírí.

Ìkádìí
Iye tó kéré, tó ń wọlé lóṣooṣù, ló ń mú iṣẹ́ tọ́jọ́ ju ẹ̀bùn ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ. A rọ àwọn ẹlẹ́yinjú àánú pé kí wọ́n máa fi owó ìtọ́jú kún kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fúnni. A sì rọ ẹ̀yin olùkọ́ àgbà tí ẹ wà níbí pé, kí SIWES tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ka àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó wà nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, kí ẹ sì pè wọ́n jókòó pọ̀.