Omi Bọ́hóòlù ní Warri: Ìdí Tí Ìwé Àyẹ̀wò Fi Lè Ṣì Wá Lọ́nà

Ẹ̀yin ará wa ní Warri, Effurun, Ekpan, Udu àti Sapele, ọ̀rọ̀ omi la fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Omi bọ́hóòlù lọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, yálà onílé ló gbẹ́ ẹ, tàbí àwa fúnra wa, tàbí ká máa rà á ní kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo wa la sì mọ ìṣesí rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á mọ́ gaara. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ọkọ́ tó dógùn-ún. Aṣọ funfun á di aláwọ̀ ìyeyè, inú táńkì á pọ́n, tíì tí a bá fi pò á dúdú.

Ohun tí àwọn kan wá máa ń ṣe ni pé wọ́n á rọ omi náà sínú ike kan, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n á gba ìwé, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ìwé náà lè bá bí omi ṣe rí mu. Ó sì lè máà bá a mu, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ìdí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká mọ̀, torí orí ìwé yẹn la ó gbé ìlera àwọn ọmọ wa lé.

Ibi tí irin ti ń wá

Ilẹ̀ Warri kò rí bí ilẹ̀ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ tọ̀hún. Níbí, iyanrìn àti amọ̀ tí odò ti ń kó jọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni, ìpele lórí ìpele. Òjò pọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, ewé àti igi sì ń jẹrà nínú àbàtà. Ohun tó ń jẹrà yìí máa ń lo atẹ́gùn tó wà nínú omi tán, á sì tún jẹ́ kí omi náà kan díẹ̀. Irin wà lára iyanrìn yẹn. Bí omi tó kan, tí kò ní atẹ́gùn, bá ń gba àárín rẹ̀ kọjá, irin á yọ́ sínú omi, a ò sì ní fojú rí i. Ìgbà tí a bá fà á sókè tó pàdé atẹ́gùn ló máa ń dógùn-ún lójú wa.

Òfin omi mímu Nàìjíríà sọ pé irin kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà omi kan. Adùn omi àti àwọ̀ rẹ̀ ni ìdí pàtàkì tí wọ́n fi fi í síbẹ̀. Ti òjé le jù bẹ́ẹ̀ lọ: mílígíráàmù 0.01 péré ni wọ́n gbà láàyè, torí pé òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Irin kì í dá gbé nínú omi

Ẹ bu ṣíbí iyọ̀ kan sínú ife omi, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ bu ṣíbí kan náà sínú ìwọ̀n ọbẹ̀ bàngá tó tó ife kan, ẹ tọ́ ìyẹn náà wò. Iyọ̀ kò dín, kò lé, ṣùgbọ́n ahọ́n ò ní sọ ohun kan náà fún yín. Epo, ata àti ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ ti dá sí i. Báyìí gan-an lọ̀rọ̀ omi ṣe rí. Ohun gbogbo tó yí ohun tí wọ́n ń wá ká làwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní matrix. Àwa ó máa pè é ní alábàágbé níbí, torí àwa tí a ti kúrò nílé mọ̀ pé ẹni tí èèyàn bá ń bá gbé máa ń hàn nínú ìwà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́hóòlù mẹ́ta tí irin inú wọn jẹ́ iye kan náà. Omi àkọ́kọ́ kan gan-an: irin inú rẹ̀ á pẹ́ kó tó pọ́n, omi náà á sì máa mọ́ gaara fún wákàtí púpọ̀. Omi kejì kò fi bẹ́ẹ̀ kan: bó bá ti rí atẹ́gùn, kíá ló máa pọ́n, irin á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Omi kẹta ti inú àbàtà wá, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì: oje ewé tó jẹrà ti di irin mú, kò sì ní jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ bọ̀rọ̀. Iye tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ ọ̀kan náà, síbẹ̀ ìtọ́jú wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí asẹ́ tí aládùúgbò rà, tó ṣiṣẹ́ fún un, fi lè máà ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì ní òpópónà kan náà.

Ibi tó ti lè dá àìsàn sílẹ̀

Àwọn kan á ní, "Ṣebí irin lásán ni, kí ló kù?" Ẹ gbọ́ ná. Bí onígbá méjì bá dé, tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń jà ládùúgbò, chlorine la máa ń dà sínú omi láti pa kòkòrò. Irin ló kọ́kọ́ máa ń gba chlorine yẹn lò. Mílígíráàmù irin kan lè jẹ chlorine tó nǹkan bíi mílígíráàmù 0.6 kó tó di ògùn-ún. Oje ewé inú omi àbàtà náà á tún jẹ tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n chlorine tó tó fún táńkì omi tó mọ́ lè tán sára irin nínú táńkì tiwa, kòkòrò á sì wà níbẹ̀ láàyè. Omi á pọ́n lójijì, a ó rò pé chlorine náà ló bàjẹ́. Rárá o, alábàágbé ló gbà á lò.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ irin kúrò. Ẹ jẹ́ kí omi máa já láti òkè bọ́ sínú táńkì kó lè rí atẹ́gùn, ẹ fi í sílẹ̀ kó rọ̀, ẹ fi iyanrìn tó mọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó wá da chlorine sí i. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó yẹ kí chlorine díẹ̀ ṣì ṣẹ́kù nínú omi náà. Bí kò bá ṣẹ́kù rárá, iṣẹ́ kò tíì parí.

Omi tó kan tún ní ìwà mìíràn: ó máa ń jẹ irin páìpù. Bó bá sùn mọ́jú nínú páìpù onírin, ẹ̀rọ onídẹ àtijọ́, tàbí ibi tí wọ́n fi òjé jó páìpù pọ̀, ó lè kó òjé jáde. Òjé náà lè máà sí nínú ilẹ̀ rárá, kó jẹ́ ara páìpù ni omi ti kó o. Ní àárọ̀, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀ kí ẹ tó bu èyí tí ẹ ó mu. Sísè omi kò yọ òjé. Kòkòrò nìkan ló ń pa.

Bí alábàágbé ṣe ń tan ẹ̀rọ àyẹ̀wò

Ká ní a rọ omi sínú ike lọ́jọ́ Ẹtì, a wá gbé e dé ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé. Irin á ti rọ̀ sísàlẹ̀ ike, òmíràn á ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá bu omi tó mọ́ lókè, ìwé á ní irin kéré. Èyí tó tún burú ni pé òjé máa ń lẹ̀ mọ́ ògùn-ún irin, á sì bá a lọ sísàlẹ̀. Ìwé á ní kò sí òjé, nígbà tó jẹ́ pé inú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ pupa yẹn ló wà. Ohun tó ń dènà èyí ni ásíìdì díẹ̀ tí ilé àyẹ̀wò máa ń fi sínú ike tí a ó fi bu omi fún àyẹ̀wò irin àti òjé. Ásíìdì náà ni kò ní jẹ́ kí ohunkóhun rọ̀ tàbí kó lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ará wa tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi òkun ti ń bá omi odò pàdé, mọ̀ pé omi ibẹ̀ níyọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ó lè bo òjé mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ máà rí i dáadáa, ó sì lè mú kí ẹ̀rọ ka òjé tí kò sí níbẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n tó ń dá sí i. Wọ́n á mú omi yín gan-an, wọ́n á fi ìwọ̀n òjé tí wọ́n mọ̀ kún un, wọ́n á wá wò ó bóyá ẹ̀rọ rí gbogbo rẹ̀. Ká ní wọ́n fi 10 kún un, tó jẹ́ pé 6 péré ni ẹ̀rọ rí, wọ́n á mọ̀ pé alábàágbé ń fi nǹkan pa mọ́, wọ́n á sì ṣe àtúnṣe kí wọ́n tó kọ ìwé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè: "Ṣé ẹ fi òjé kún omi wa láti wo iye tó yọ?" Ìbéèrè tí kò yẹ kó bí ẹnikẹ́ni nínú ni.

Bó bá jẹ́ epo ńkọ́?

Àyẹ̀wò irin kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa epo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, àjọ UNEP gbé ìròyìn jáde lórí ilẹ̀ Ògóní ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà ní agbègbè Niger Delta yìí. Ní Nsisioken Ogale, benzene tó wà nínú kànga tí àwọn èèyàn ń mu fi ohun tó ju ìlọ́po 900 lọ kọjá ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, là sílẹ̀. Benzene máa ń tú sínú afẹ́fẹ́. Bí a bá rọ omi sínú ike tí a sì fi àyè sílẹ̀ lókè, ó lè ti sá lọ kó tó dé ilé àyẹ̀wò. Ìgò onígíláàsì ló yẹ kí wọ́n fi bù ú, kó kún dé ẹnu, kó máà sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀.

Àwọn èròjà míì wà tí omi gan-an kì í fẹ́ gbé. Ní ọdún 1988, nígbà tí Delta ṣì wà lábẹ́ Bendel, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Koko, tó wà ní Warri North lónìí. PCB wà nínú wọn. PCB kì í fẹ́ yọ́ sínú omi. Epo, ilẹ̀ àti ọ̀rá ẹja ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá irú rẹ̀ nínú omi nìkan lè máà rí i, kó sì wà nínú ẹja tó wà nínú ọbẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe

Kí ẹ tó bu omi, ẹ lọ gba ike lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò: ọ̀kan tó ní ásíìdì fún irin àti òjé, ọ̀kan tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò. Ẹ fi ti kòkòrò sínú yìnyín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí 24. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn bí omi ṣe kan tó ní ẹsẹ̀ bọ́hóòlù níbẹ̀, torí ó máa ń yí padà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fura sí òjé inú páìpù, ẹ bu omi tó sùn mọ́jú, kí ẹ tún bu èyí tó ti ṣàn, kí ẹ kọ orúkọ sára ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ fún wọn: bó ṣe ń pọ́n, bó bá níyọ̀, bó bá ń rùn bí epo, bó bá sún mọ́ ilé epo tàbí ṣáláńgá.

Àyẹ̀wò tó péye kò pọ́ ní owó. Bí ilé mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ bá dáwó jọ, tí wọ́n sì yan bọ́hóòlù tí èèyàn pọ̀ jù lọ ń bu láti bẹ̀rẹ̀, ẹrù náà á fúyẹ́. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ tọ́jú ìwé náà. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò ọ̀hún ṣe nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí omi oṣù keje kọ́ ni omi oṣù kejì.

Omi ò lọ́tàá, ohun tó bá a gbé la gbọ́dọ̀ mọ̀.