Fífi Kòkòrò Dẹ́kun Kòkòrò: Ìlànà Ìmúrasílẹ̀ fún Olùkọ́

Ìfáárà
Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá dé orí ọ̀rọ̀ kòkòrò ajẹnirun nígbà ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni, oríkì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ sójú pátákó, ẹ̀kọ́ a sì parí síbẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà dá lé.

Ìtàn Náà
Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni kòkòrò kan tí ó funfun bí ìyẹ̀fun ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà. Ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wá. Ó ń mu oje ẹ̀gẹ́, ó sì ń ba oko jẹ́ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní 1981, a rí agbọ́n kékeré kan, Anagyrus lopezi, ní Paraguay. Lẹ́yìn àyẹ̀wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, IITA ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ lọ́dún náà, lábẹ́ àkóso Hans Herren. Inú kòkòrò náà ni abo agbọ́n ń yé ẹyin sí. Ìdin rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ láti inú.

Ìlànà Ìkọ́ni
Èkínní ni àkókò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kòkòrò yìí máa ń pọ̀. Nítorí náà, sáà kejì ni kí olùkọ́ fi ẹ̀kọ́ náà sí.

Èkejì ni oko. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ẹ̀gẹ́ 20 wò, kí wọ́n sì kọ iye èyí tí kòkòrò wà lára rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ọ̀kan, ẹ̀kọ́ kò forí ṣánpọ́n. Kí wọ́n bi àwọn àgbà tí wọ́n dáko ní àwọn ọdún 1980 léèrè ohun tí ojú wọn rí, kí wọ́n sì fi wé ti òní.

Ẹ̀kẹta ni ewu. Ní 1935, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ wọ Australia kí ó lè jẹ kòkòrò oko ìrèké. Kò dẹ́kun kòkòrò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó di ajẹnirun, nítorí pé kò sí ohun tí kì í jẹ. Ní ti agbọ́n, kòkòrò ẹ̀gẹ́ yìí ni ó dojú kọ ní pàtó.

Ìgbéléwọ̀n
Ìbéèrè méjì tó: Kí ni ó mú kí agbọ́n ṣe àṣeyọrí níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti kùnà? Bí àgbẹ̀ bá fín oògùn apakòkòrò sí ẹ̀gẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí agbọ́n?

Ìkádìí
Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ń bá òbí fín oògùn lóko. Èyí tí ó bá dáhùn ìbéèrè kejì dáadáa yóò kọ́kọ́ wo ewé kí ó tó gbé ẹ̀rọ ìfínkòkòrò kọ́ èjìká. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wọlé.