Kí A Tó Gé Igi: Lọ́wọ́ Ta Ni A Ó Gbàṣẹ?



Nígbà tí Nehemáyà ń lọ tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, ó kọ́kọ́ tọrọ ìwé lọ́wọ́ ọba sí Ásáfù, olùṣọ́ igbó ọba, kí ó lè fún un ní igi. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ń lọ ṣe. Nítorí náà, kò yẹ kí a máa wí pé ilé Olúwa ni a ń kọ́, kí a sì gé igi tí kì í ṣe tiwa.

Ojú mi ti rí i. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹbí kan fi ilẹ̀ ta wá lọ́rẹ. A rò pé igi inú rẹ̀ bá ilẹ̀ lọ. A gé ìrókò kan, a sì là á sí pákó fún òrùlé. Kò pẹ́ tí olórí ẹbí fi dé, tí wọ́n wí pé ilẹ̀ ni àwọn fi tọrẹ, àwọn kò fi igi. Lẹ́yìn wọn ni òṣìṣẹ́ igbó ìjọba dé, tí ó ń béèrè ìwé àṣẹ. A kò ní èsì fún èyíkéyìí nínú wọn. Òjò pa pákó náà títí ó fi jẹrà. Ẹ̀bi wa ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni àṣẹ igi gígé ti lè wá.

Èkíní ni onílẹ̀. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ni iṣu àti àgbàdo tí ó gbìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ, ìrókò, àti igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, tí ó bá lórí ilẹ̀ náà, ọwọ́ olórí ẹbí ni àṣẹ wọn wà. Ẹni tí ó gbin máńgòrò sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ni ó ni ín. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá nà dé orí òrùlé aládùúgbò, kí onítọ̀hún pe onígi kí ó tó mú àdá.

Èkejì ni ìjọba. Òfin igbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1937 fi àyè sílẹ̀ láti dáàbò bo irú igi kan, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì jogún ìlànà náà. Igi gẹdú bí ìrókò, ọ̀gánwó àti arère wà nínú irú èyí. Gígé wọn lè gba ìwé àṣẹ, bí wọ́n tilẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ẹni. A ń san owó, òṣìṣẹ́ igbó a sì fi òòlù lu àmì sí ara gẹdú àti kùkùté. Nínú igbó ọba, a kò gbọdọ̀ gé igi láìgbàṣẹ rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti ìgbà òfin ọdún 1967, ẹni tí yóò gé igi tirẹ̀ kọjá ìwọ̀n kan ní oṣù mẹ́ta ní láti gbàṣẹ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí ó gbin ìrókò kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò là á.

Ẹ̀kẹta ni ìlú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nítòsí wa níhìn-ín, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Èèwọ̀ ni igi gígé níbẹ̀. Onígbàgbọ́ kì í bọ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ba ohun ìlú jẹ́.

Ó tún ku igi ààlà. Àwọn bàbá wa a máa gbin pèrègún sí ẹnu ààlà kí ó lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá gé e ti pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Àwa ará Ìlobù kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí ìjà ilẹ̀ ń ṣe fún wa: ní ọdún 2025, ó burú láàárín àwa, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun débi pé ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. Lórí ilẹ̀ tí a ń jà sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àáké, ìbáà ṣe igi ìdáná ni ó ń wá.

Nítorí náà, kí a tó gé igi, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: Ta ni ó gbìn ín? Ilẹ̀ ta ni ó dúró sí? Òfin ha dáàbò bò ó bí? Kí a sì gba èsì náà ní kíkọ. Igi tí a dá sí lónìí, a lè gé e lọ́la. Èyí tí a bá gé lónìí, ẹ̀bẹ̀ kò lè nà án ró mọ́.