Ohun Tí Ń Mú Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Yà Kúrò Lójú Ọ̀nà Nígbà Tí Ó Bá Fẹ́ Gbéra

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 20, oṣù Máàṣì, ọdún 1937, Amelia Earhart, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nínú iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú, múra láti gbéra ní pápá Luke Field ní Hawaii. Erékùṣù Howland ni ó ń lọ, nítorí ó fẹ́ fò yí ayé ká. Ọkọ̀ rẹ̀, Lockheed Electra, ní ẹ̀rọ méjì, epo sì pọ̀ nínú rẹ̀ gidigidi.

Bí ọkọ̀ náà ti ń sáré lórí ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí yà sí ọ̀tún. Earhart dín agbára ẹ̀rọ òsì kù kí ó lè tọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fì sí òsì, ó yí bìrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó sì fi ikùn wọ́ ilẹ̀. Earhart yára pa ẹ̀rọ. Epo náà kò gbiná, kò sì sí ẹni tí ó farapa nínú àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní táyà ni ó bẹ́. Àwọn mìíràn ní bí a ti lo agbára ẹ̀rọ méjèèjì ni ó fa ìjàǹbá náà.

Kí ni ń mú ọkọ̀ òfurufú yà báyìí? Èkíní ni ipò ẹsẹ̀ rẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí ní táyà ńlá méjì níwájú àti kékeré kan lábẹ́ ìrù, ìwúwo rẹ̀ sì wà lẹ́yìn táyà ńlá méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti lo ọmọlanke mọ̀ pé bí a bá ń fà á, yóò máa tẹ̀lé ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tì í, tí orí rẹ̀ sì yà díẹ̀, ńṣe ni yóò máa yà sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrù ọkọ̀ òfurufú ṣe máa ń fẹ́ ṣáájú orí.

Èkejì ni abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí níwájú ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́rọ kan, abẹ̀bẹ̀ yìí ń yí sí ọ̀tún lójú awakọ̀. Atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ a máa lọ́ yí ara ọkọ̀ ká, a sì máa gbá ìrù ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí ìrù bá lọ sí ọ̀tún, orí yóò yà sí òsì.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Òun náà a máa ti ìrù, orí ọkọ̀ a sì kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.

Ìtọ́kọ̀ tí ó wà ní ìrù ni awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ darí láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí ń kọjá lára ìtọ́kọ̀ ni ó ń fún un lágbára. Nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí atẹ́gùn kò tíì tó, ni ewu pọ̀ jù.

Awakọ̀ tí ó gbọ́n a máa yẹ táyà wò, a mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, a sì fún ẹ̀rọ ní agbára díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í kúrò ní òpin ọ̀nà, kí ó lè fi ẹsẹ̀ tọ́ ọkọ̀ kí ó tó yà púpọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí ó bá tẹ ìtọ́kọ̀ ní àtẹ̀jù yóò tún yà sí òdì kejì. Bí apá kò bá sì ká a mọ́, kí ó dín agbára ẹ̀rọ kù lójú kan náà, kí ó má ṣe fi tipá gbé ọkọ̀ sókè.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní ní táyà kan lábẹ́ imú dípò ti ìrù, wọ́n sì ń tọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Síbẹ̀ abẹ̀bẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kò yí ìwà wọn padà.

A fi ọkọ̀ ojú omi kó Electra náà padà sí California fún àtúnṣe. Nígbà tí Earhart tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà, ìhà ìlà-oòrùn ni ó gbà. Howland, tí ì bá jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí yóò dé láti Hawaii, wá di ọ̀kan nínú àwọn ibi ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 2, oṣù Júláì, òun àti Fred Noonan gbéra lọ síbẹ̀. A kò rí wọn mọ́.