Kí Ni Olùkọ́ Ń Rí Láti Ojú Fèrèsé Rẹ̀?

Nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́, pátákó ìkọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì, agogo, àga àti tábìlì, fèrèsé nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í bèèrè nípa rẹ̀. Alábẹ̀wò yóò dé, yóò ní kí a gbé rẹ́jísítà wá, yóò ka iye ọmọ tí ó wà ní ìjókòó, yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. A kò tíì gbọ́ ọ rí pé alábẹ̀wò kan sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé: “Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí a jọ dúró lójú fèrèsé yìí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń rí fún mi.” Bẹ́ẹ̀ ni rẹ́jísítà kò lè sọ ju iye àwọn tí ó wà nínú ilé lọ. Àwọn tí ó wà níta, fèrèsé ni ó mọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé ọ̀ràn rẹ̀ burú ju ti ìlú mìíràn lọ, ṣùgbọ́n irú ìlú tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ wa ni: kò tóbi bí Ìjẹ̀bú-Òde, kì í sì í ṣe abà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ni ó wà, èyí tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ògbèrè. Bí ènìyàn bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì tí ó kọjú sí títì níbẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ohun tí àwọn ará ìlú náà ń ṣe jẹun. Agbégilódò yóò kọjá, pẹ̀lú gẹdú ńláńlá tí a fi ṣéènì dè mọ́ ọn lẹ́yìn, gbogbo ilé yóò sì mì tìtì títí yóò fi lọ. Igbó ọba tí a ń pè ní Omo wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà. Láti 1925 ni ìjọba ti pààlà rẹ̀ sọ́tọ̀; ní 1977, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Ó fẹ̀ ju 130,000 hẹ́kítà lọ, erin ṣì ń gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ aáké àti ayùn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn agbégilódò ni àwọn ọlọ́kadà, lẹ́yìn ọlọ́kadà ni àwọn ìyá tí ń ti oko gbágùúdá bọ̀. Ní ẹ̀yìn ilé tí ó kọjú sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ti jókòó yí òkìtì gbágùúdá ká, wọ́n ń bó o. Àpò tí a ti fi gbágùúdá rírìn sínú wọn wà lábẹ́ òkúta, omi ń ro jáde lára wọn. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ohun tí a ń kánjú ṣe. A ní láti fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan bí ó ti yẹ kí a tó yan án, ẹni tí ó bá sì ti bu omi tútù sí i mu nínú oòrùn ọ̀sán mọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ lè fi òórùn rẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń yan án láìjẹ́ pé ó yọjú wò.

Nígbà náà ni ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí yóò wá kọjá. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ru omi inú ọ̀rá lórí, ó ń kiri. Nígbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó dúró. Nínú ilé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ké ìṣirò ìlọ́po lóhùn kan; ẹnu tirẹ̀ pẹ̀lú ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń bá wọn kà á. Ẹnìkan pe olómi láti òdìkejì títì, ó sì sáré lọ. Kò sí nínú rẹ́jísítà kíláàsì yẹn, kò sí nínú ti kíláàsì kejì. Níti ìwé ìjọba, a lè sọ pé a kò tíì bí i.

Àwọn baba wa kò mọ irú fèrèsé tí àwa mọ̀ lónìí. Agbo ilé àtijọ́ kọ ẹ̀yìn sí òpópónà, inú àgbàlá ni ó kọjú sí. Láti ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀dẹ kò ní ju òrùlé àti òpó mélòó kan lọ. Abẹ́ àtíbàbà tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn tí ń hun aṣọ ń jókòó sí. Alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́, ó ń kí ẹni tí ń kọjá, ó sì mọ ọmọ ẹni tí kò jí ire ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ rí ìlú, ìlú rí iṣẹ́. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ kó iṣẹ́ sínú iyàrá oní-ilẹ̀kùn, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Kí ogun 1892 tó jà, Ìjẹ̀bú ti ibodè rẹ̀ mọ́ àjèjì, kò sì fẹ́ oníwàásù láàárín ìlú. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun tí ibodè sì ṣí, àwọn tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lánàá ni wọ́n ń du ìwé lónìí. Ọdún 21 péré ni ó wà láàárín ogun náà àti 1913 tí a dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. Nígbà tí ó sì di July 1952, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tí ó gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, Olóyè Stephen Oluwole Awokoya, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú ni, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17 January 1955 tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Àwọn akọ̀wé ìjọba ti jókòó ṣírò ṣáájú, wọ́n ní àwọn tí yóò wọ kíláàsì kìíní yóò jẹ́ 170,000. Àwọn tí ó wá ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Níbo ni àwọn ìyókù wà nígbà tí wọ́n ń ṣírò? Wọ́n wà níta, lójú títì, nínú oko, lẹ́yìn ìyá wọn lọ́jà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá yọjú lójú fèrèsé ì bá ti rí wọn. Àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn po amọ̀, wọ́n sì mọ kíláàsì tí ògiri rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Òjò ń fẹ́ wọlé, ewúrẹ́ ń wọlé, inú ilé àti ìta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. A kò sọ pé kí a padà sí irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé ọmọ tí òjò pa kò dára láti rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kò lè kọjá níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀ kí olùkọ́ má rí i.

Lónìí ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mọ odi tí ó ga ju ọkùnrin méjì lọ, wọ́n sì to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọjú lójú fèrèsé níbẹ̀, bíríkì ni yóò rí. A mọ̀ pé nítorí olè àti ajínigbé ni, a kò sì bá wọn wí. Ti àwọn ọ́fíìsì ìjọba ni ó le jù. Ẹ wọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ ní ilẹ̀ yìí: ẹ̀rọ amúlétutù ń ró, a ti fèrèsé pa kí òtútù má baà jáde, a sì ta aṣọ sójú rẹ̀. Nínú iyàrá bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń kọ ìwé nípa “àwọn ará ìgbèríko wa”. Bí iná bá lọ tí kò sí epo nínú ẹ̀rọ amúnáwá, nígbà náà ni aṣọ fèrèsé yóò ká, tí akọ̀wé yóò sì tún rí ìlú rẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbàdúrà kí iná lọ.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Ìjẹ̀bú bí a ti ń ti fèrèsé. Ìmùṣin wà lára àwọn ìlú tí Agẹmọ ti ń jáde lọ nígbà ọdún rẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ pé obìnrin kò gbọdọ̀ wo Agẹmọ. Nígbà tí wọ́n bá ń kọjá, obìnrin yóò wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ti fèrèsé. Ohun tí àṣà là sílẹ̀ ni, ó ní ìgbà, ó sì ní òpin. Bí Agẹmọ bá ti kọjá, fèrèsé yóò ṣí. Ti àwa òṣìṣẹ́ ìlú ni kò ní ìgbà.

Èso rẹ̀ ni pé a kò mọ iye àwọn ọmọ tí ó wà níta. Fún ọdún mélòó kan, ohun tí àjọ UNICEF ń sọ ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ 10,500,000. Ní 2022, àjọ UNESCO sọ pé wọ́n tó 20,000,000. Òtítọ́ ni pé ọjọ́-orí tí àjọ méjèèjì fi ń kà yàtọ̀ síra. Síbẹ̀, láàárín iye kìíní àti ìkejì, ọmọ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ni ó sọnù sínú ìwé. Orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ mọ iye àpò kòkó rẹ̀ a máa kà á ní àpò kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan yóò dáhùn pé òfin ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé ti 2004 sọ pé dandan ni kí òbí rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìpele kékeré girama. Òbí tí ó bá kọ̀, ìbáwí ni fún un ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, yóò san ₦2,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Bí ó bá tún ṣe é, ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 pẹ̀lú kò gbà kí a fi ọmọ kiri ọjà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ẹjọ́ lọ nígbà tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀? Nígbà ayé wolé-wolé, ìjọba a máa rán ènìyàn wọ ilé wa láti wo inú ìkòkò omi, bóyá ẹ̀fọn ti yé sí i. Ẹ̀fọn rí alábẹ̀wò. Ọmọ wa kò rí.

Àwa kò sọ pé kí a di àwọn ìyá tí ń bó gbágùúdá lọ sí ẹ̀wọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń dá gbọ́ bùkátà, owó omi tí ọmọ náà tà ni a fi ń ra ọbẹ̀ alẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a sọ pé ọ̀fẹ́ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí yóò ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, bàtà, ìwé àti bírò. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀, kí ó má jẹ́ ọlọ́pàá. Olùkọ́ mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ nílé onílé, yóò sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Mo rí ọmọ yín lójú fèrèsé mi lánàá, ó ń bá wa ka ìṣirò. Ó mọ̀ ọ́n.” Ìyá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró?

Àwọn olùkọ́ àgbà lè wí pé ẹni tí ń wo ìta kò ní lè kọ́ àwọn tí ó wà nínú ilé, nítorí àwọn náà ni wọ́n ń na ọmọ tí ó bá ń wo ìta. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, iṣẹ́jú mẹ́wàá ní agogo mẹ́wàá, ní ọjọ́ ọjà nìkan, kò lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbé tábìlì rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri, kí ó gbé e kọjú sí títì. Kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó sì máa kọ sínú rẹ̀: ọjọ́, ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin, bí ọdún mélòó, ohun tí ó rù, ilé ta ni. Nínú ìlú bí Ìmùṣin, bí olùkọ́ kò bá mọ ilé ọmọ, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ jókòó lé ìwé náà lórí ní òpin oṣù, kí wọ́n wo ẹni tí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan lè mú wọlé, àti ẹni tí ọ̀ràn tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n da àwọn orúkọ náà kọ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ògbèrè, kí wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà kejì dáadáa, nítorí gbogbo wa ni a mọ bí ìwé ti ń sọnù ní ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí.