Àgbàlagbà Ló Yẹ Kó Jókòó Ti Ọmọ ní Ilé Ìkàwé

Ìyá kan á dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka ọmọdé láàárọ̀ Sátidé, á fa ọmọ ọdún mẹ́rin lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, á ní òun fẹ́ sáré yà lọ́jà, òun ń bọ̀ báyìí. Aago méjì á lù, wọ́n á fẹ́ ti ilé ìkàwé, "báyìí" ò tíì dé. Ọmọ á máa sunkún, òṣìṣẹ́ ò sì ní lè fi í sílẹ̀ lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ lápọ̀jù. Òun ló fa ìwé ìlàlóye yìí.

Òfin náà kò lọ́jú pọ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kò gbọdọ̀ dá wà nínú ilé ìkàwé. Àgbàlagbà tó mú un wá ni yóò jókòó tì í títí wọn yóò fi jọ jáde. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe àgbàlagbà. Ọlọ́kadà tó gbé ọmọ wá náà kọ́, àfi tó bá máa páàkì kó wọlé. Ilé ìkàwé kì í ṣe jẹ́lé-ó-sinmi.

Kí ni àgbàlagbà fẹ́ jókòó ṣe?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn òṣìṣẹ́ jù nìyí, ó sì ní ìdáhùn. Ní ọdún 1988, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn ọmọ bí ọdún méjì sí mẹ́ta àtàwọn òbí wọn ni wọ́n lò, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Tọ̀tún tòsì ló ń ka ìwé aláwòrán fọ́mọ nílé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ àwọn òbí apá kan pé kí wọ́n má kàn máa kà á lọ wéréwéré. Kí wọ́n máa dúró, kí wọ́n bi ọmọ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún ohun tó bá sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, wọ́n dán àwọn ọmọ wò lórí bí wọ́n ṣe ń fẹnu ara wọn sọ nǹkan. Àwọn tí òbí wọn ń bi ní ìbéèrè ti fi bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ààbọ̀ ṣíwájú àwọn yòókù. Ẹnu òbí ló mú ìyàtọ̀ wá.

Òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó ogún ọmọ kò lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó jókòó ti tirẹ̀ lè ṣe é, èdè tó bá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ni kó fi ṣe é. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kò gbọdọ̀ torí ẹ̀ sá, nítorí àwòrán kò ní kéèyàn mọ lẹ́tà. Kódà, àwọn ló ń jẹ́ kí yàrá ọmọdé dùn jù. Tí ọ̀kan bá ti lóun fẹ́ pàlọ́, tó pe "Ààlọ́ o!", tí àwọn ọmọ gbè é pé "Ààlọ̀!", ọmọ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ á dákẹ́ de ìgbà tó máa kan òun.

Eré tí òbí ń bínú sí

Àwọn mìíràn á jókòó o, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i pé ọmọ ń gé páálí, ojú á le. Ìwé ìdánwò ni wọ́n ní kó wá kà.

Ẹ jẹ́ ká wo tábìlì kan. Ọmọ méjì, agolo mílíìkì kan, sílípáàsì tó ti já, àlùmọ́gàjí kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹyọ kan síbẹ̀. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ jà sí i, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan á di sílípáàsì mú kí èkejì lè gé táyà mọ́tò tí wọ́n ń fi agolo ṣe. Táyà kan á tóbi ju ìkejì lọ, mọ́tò á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á wá fi pẹ́ńsùlù yí etí táyà tó dára ká kí wọ́n tó gé òmíràn. Ìṣirò nìyẹn, sùúrù sì wà ńbẹ̀. Lórí ọpọ́n ayò náà, ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, ó di 48: ẹni tí kò bá lè kà á tàbí tí kò lè dúró de ẹnìkejì kò lè ta á.

Kì í ṣe ibí nìkan ni wọ́n ti rí i pé ìwé nìkan kọ́ la fi ń kọ́gbọ́n. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti ń yá àwọn ọmọdé ní nǹkan ìṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ ní Los Angeles bí ẹni ń yá wọn níwèé. Ní Helsinki, ilé ìkàwé Oodi tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018 ní ẹ̀rọ ìránṣọ tí ará ìlú lè lò.

Owó ẹnu géètì

Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni. Ìkéde tí IFLA, àjọ àwọn ilé ìkàwé lágbàáyé, àti UNESCO gbé jáde lórí ilé ìkàwé gbogbogbòò ní ọdún 1994, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, sọ pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kí lílo ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù lábẹ́ igi lóde kì í ṣe òṣìṣẹ́, fọ́ọ̀mù tó bá sì tà kò ní wọlé. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọmọ kan ti tó. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Àgbàlagbà tó mú ọmọ wá ló máa buwọ́ lùwé nígbà tí wọ́n bá ń wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ìka títẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé.